Ọ̀pọ̀lọ́ Fa Ikùn Wọlé Lọ́dọ̀ Aránṣọ

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó já lé Ọ̀pọ̀lọ́ lẹ́yìn pàà, àti Akàn tí í ṣe aránṣọ etí odò."

Báyìí ni Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé sún mọ́ ọn lórí ẹní.

Ní ìgbà kan rí, Ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ gbé ìyàwó. Ọmọ ènìyàn ni ó fẹ́, Àmọ̀kẹ́ ni orúkọ rẹ̀.

"Ṣé Àmọ̀kẹ́ gbà?"

"Ó gbà. Ọ̀pọ̀lọ́ mọ iṣẹ́ oko, kì í sì í bú ènìyàn. Ẹ jẹ́ n rí ọ̀rọ̀ sọ."

Ní ìlú Àmọ̀kẹ́, ìyá ìyàwó ni í hun aṣọ tí ọkọ yóò wọ̀ wá ṣe ìdána. Òun ni yóò ran òwú, òun ni yóò hun ún, òun náà ni yóò fi ọwọ́ rán an. Ọkọ tí ó bá wọ aṣọ mìíràn wá, ó ní òun kò fẹ́ ọmọ wọn mọ́ nìyẹn.

Ìyá Àmọ̀kẹ́ hun kíjìpá, ó rán bùbá fún Ọ̀pọ̀lọ́. Bùbá náà fẹ̀, ó sì tún ká etí aṣọ sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ó ní, "Ọmọ mi mọ ọbẹ̀ sè. Bí ọkọ rẹ̀ bá sanra, wọn a tú u síta."

Ọ̀pọ̀lọ́ wọ bùbá, ó jáde. Alángbá wà lórí ògiri, ó ń mi orí.

"Ọ̀pọ̀lọ́, ẹni mélòó ló wà nínú aṣọ yẹn?"

"Èmi nìkan ni."

"Háà! Mo rò pé o gbé àna rẹ dání ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọ̀pọ̀lọ́ wọra. Ó ká aṣọ mọ́ abíyá, ó di ọ̀dọ̀ Akàn.

"Akàn, ọ̀rẹ́ mi, bá mi dín in kù."

"Ta ló rán an?"

"Àna mi."

"Ẹni tó rán an mọ ohun tó fẹ́ o. Ó dáa, dúró kí n wọ̀n ọ́."

Ni Ọ̀pọ̀lọ́ bá fa ikùn wọlé. Ó fà á títí ikùn fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ yọ síta ròdò.

"Ṣé bí o ṣe máa ń rí rèé?" ni Akàn bi í.

Ọ̀pọ̀lọ́ kò lè lanu. Ó kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Akàn dín in. Ọ̀pọ̀lọ́ ní ó kù díẹ̀. Akàn tún dín in. Ọ̀pọ̀lọ́ bú sórin:

Akàn, bá mi dín in o,
*Ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́!*
Ó kù díẹ̀ kó mú mi lára,
*Ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́!*
Kí Alángbá má rín mi mọ́ o,
*Ṣẹ́rẹ́-ṣẹ́rẹ́!*

"Etí aṣọ tó wà nínú yìí ńkọ́?" ni Akàn wí. "Bí mo bá gé e, kò sí ohun tí a ó tú mọ́ o."

"Gé e! Ó ń yún mi."

Ọwọ́ Akàn ni àlùmọ́gàjí rẹ̀. Ó gé e kúrò pátá.

Ọjọ́ ìdána pé. Ọ̀pọ̀lọ́ fa ikùn láti ilé dé ilé àna. Ó rìn wọlé tẹ́ẹ́rẹ́, Alángbá gan-an la ẹnu sílẹ̀. Akàn náà wá, nítorí iyán.

Ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dìde títí àna yóò fi ní kó dìde.

Ọ̀pọ̀lọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá Àmọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ó súre fún oko, ó súre fún ilé, ó súre fún ọmọ tí wọn kò tí ì bí. Ọ̀pọ̀lọ́ sé èémí mọ́ra. Nígbà tí bàbá dé orí adìyẹ àti ewúrẹ́, apá Ọ̀pọ̀lọ́ kò ká a mọ́. Ó mí.

"Fàààà!" ni àwọn ọmọ kígbe.

Bùbá ya láti ọrùn dé ìdí. Alángbá rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ láti orí ògiri.

Ọkàn Ọ̀pọ̀lọ́ já. Aṣọ àna rẹ̀ ti lọ, Àmọ̀kẹ́ náà lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò tí ì ní kí ó dìde, kò sì dìde.

Ìyá Àmọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ aṣọ wò. "Etí aṣọ tí mo ká sínú dà?"

Ọ̀pọ̀lọ́ dáhùn láti ilẹ̀: "Èmi ni mo ní kí wọ́n gé e, ìyá. Mo fẹ́ rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni."

"Ta ló gé e?"

Akàn gbọ́. Kò fẹ́ kọjú sí wọn, ẹ̀rù sì ń bà á láti kẹ̀yìn sí wọn. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, títí ó fi dé odò.

"Bó ṣe ń rìn títí dòní nìyẹn!"

"Ẹ ti gbà á lẹ́nu mi!"

Ìyá Àmọ̀kẹ́ ní kí wọ́n mú abẹ́rẹ́ àti àkísà wá. Ó lẹ àkísà síhìn-ín, ó lẹ àkísà sọ́hùn-ún, lẹ́yìn Ọ̀pọ̀lọ́ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Abẹ́rẹ́ gún un, gún un, kò mira.

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ tí mo lè rán aṣọ mọ́ lára tí kò dìde, yóò gbọ́ràn sí ọmọ mi lẹ́nu. Dìde, ọkọ ọmọ mi. Aṣọ mi ṣì wà lọ́rùn rẹ."

Ọ̀pọ̀lọ́ gbé Àmọ̀kẹ́ lọ sílé. Ẹ̀yìn rẹ̀ rí ṣákiṣàki títí di òní, kò sì fa ikùn wọlé mọ́ láéláé.

"Kí ni àlọ́ yìí kọ́ wa?"

"Ká má dá Alángbá lóhùn!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá sì ń wọn aṣọ fún yín, ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí nílé. Aṣọ tí a kò lè fi kí àgbà, kì í ṣe aṣọ ẹ̀yẹ. Ibẹ̀ ni mo dé tí mo fi padà. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí bùbá ọrùn mi ya báyìí!"

Ìyá Àgbà mí kanlẹ̀. Àwọn ọmọ tẹ́tí.

Bùbá kò ya.