Ọ̀nà Tí Balógun Gbà Kọ́ Ni Àjíún Gbà

"Wọ́n ní Ìyálọ́jà ti sọ ọ́... wọ́n ní ọ̀nà kankan ò... àní ọjà tuntun yẹn, kò sí ọ̀nà tó... Ẹ má pè mí lẹ́lẹ́rìí o, ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ ni mo ti gbọ́."

Báyìí ni wọ́n ń sọ ọ́ láti ìloro dé ìloro ní ìlú Ìdí-Àyán láyé àtijọ́, ẹnìkan kò sì sọ gbólóhùn náà parí. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gé kù bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ sí òwe lónìí: "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà." Ojoojúmọ́ là ń pa á. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Bí Ìyá Àgbà ilé wa ṣe sọ ọ́, tí mo ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí mo ń gbọ́, ni n ó ṣe sọ ọ́.

Etí odò ni ọjà Ìdí-Àyán wà tẹ́lẹ̀. Lọ́dọọdún ni odò ń bu ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ, títí àwọn aláta fi ń pàtẹ sórí gbòǹgbò igi. Ìlú wá ní kí wọ́n lọ wo ìdí igi àfọ̀n tó wà lókè, bóyá ọjà lè kó lọ síbẹ̀ kí òjò tó dé. Ìyálọ́jà Àwẹ̀ró ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Oyè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ já lé e lórí ni, ó sì mọ ẹnu àwọn ará ìlú rẹ̀. Bí ọjà bá kó lọ tí àwọn ará oko kò bá rí ibẹ̀ dé, ọjà ìlú kejì ni wọn yóò máa ná, Ìdí-Àyán yóò sì dahoro. Wọn kò ní pè é ní Àwẹ̀ró mọ́ títí yóò fi kú. Atúọjàká ni yóò máa jẹ́.

Balógun Ògúnsíjì ló kó àwọn èèyàn lọ wo ibẹ̀. Òun gun ẹṣin níwájú, àwọn yòókù ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ lọ, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ bọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, Balógun ní, "Ibẹ̀ dára. Ọ̀nà ibẹ̀ tẹ́jú bí ẹní."

Ìyálọ́jà bi ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Bí Balógun ṣe wí ni." Ó bi ẹlòmíràn. "Bí Balógun ṣe wí ni." Ó bi Odùntán, àgbẹ̀ oníṣu tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Òun náà wolẹ̀, ó ní, "Bí Balógun ṣe wí náà ni, Ìyálọ́jà."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. "Èèyàn púpọ̀ ló lọ," ó ní, "ẹnu kan ló bọ̀. Ẹ ṣeun. A ó tún un wò."

Ó wá ní kí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, láti ibi tó ti ń gbé ọjà rẹ̀ wá gan-an, kí aláàárù sì ru ẹrù rẹ̀, kó má ṣe ju apá lọ lásán. Wọn kò gbọdọ̀ bá ara wọn sọ ohun tí wọ́n rí títí wọn yóò fi pé jọ. Ìbéèrè kan náà ni yóò bi gbogbo wọn: kí lo rí, báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n, kí sì ni o kò mọ̀? Èyí tó wá ya ìlú lẹ́nu jù ni pé ẹni tó kéré jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, Balógun ni yóò kẹ́yìn.

"Ìyálọ́jà," Balógun ní, "ṣé ìyàwó àná ni yóò máa la ọ̀rọ̀ níwájú mi?"

"Ẹ má bínú, Balógun. Bí àgbà bá ti fọhùn, ta ló kù tí yóò já a nírọ́? Ohun tí wọ́n rí ni mo fẹ́ gbọ́. Ọ̀wọ̀ yín, mo ti mọ̀ pé wọ́n ní in."

Ọjọ́ pé, wọ́n kóra jọ sí ìloro Ìyálọ́jà. Àjíún ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú, ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí agbo ilé àwọn amọ̀kòkò. Ó kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè. Ó gbé ọrùn ìkòkò kan kalẹ̀. Ọrùn nìkan.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ìkòkò tí mo rù lọ rèé."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Balógun ní, "Ìyàwó, ìyókù ńkọ́?"

"Ìyókù wà lórí àpáta, bàbá. Orí rẹ̀ ni ọ̀nà tiwa gbà, ó sì ń yọ̀ bí ilá. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé ìdí ni mo fi sọ̀ kalẹ̀." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, òun náà fọwọ́ bo ẹnu. "Ohun tí n kò mọ̀ ni bóyá òkúta yẹn ṣeé gbẹ́ ní àtẹ̀gùn."

Odùntán dìde. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ dé orúnkún; kò fọ̀ ọ́ kúrò. "Ọ̀nà oko, àbàtà ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi, kí ẹ má bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Bí yóò ṣe rí bí òjò bá dé ni n kò mọ̀, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n."

"Odùntán!" Balógun ní. "Ṣé ìwọ kọ́ lo bá mi lọ lọ́jọ́sí, tí o ní ó dára?"

"Èmi ni, Balógun. Ọ̀nà tí ẹ gbà dára lóòótọ́. Ẹ sì ti sọ̀rọ̀ kó tó kàn mí."

Ó wá kan Balógun fúnra rẹ̀. Ó wo ọrùn ìkòkò, ó wo ẹsẹ̀ Odùntán. "Ọ̀nà ààfin ni mo gbà," ó ní, "èyí tí wọ́n ń gbá láràárọ̀. Ẹṣin ni mo sì gùn. Ohun tí ẹsẹ̀ ń rí, n kò mọ̀ ọ́n."

Nígbà náà ni Ìyálọ́jà fọhùn. Ó ní, "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà..."

Ó ṣẹlẹ̀ pé Látúndùn, aládùúgbò Ìyálọ́jà, ti wá fọn iná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀yinná nínú àpáàdì. Iná ń jó o lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ń jó o lẹ́nu. Kò lè dúró gbọ́ ìyókù. Kó tó délé, ó ti sọ ọ́ dé ibi mẹ́ta: "Ìyálọ́jà ní ọ̀nà kankan ò wọ ọjà o!"

Ká tó wí, ká tó fọ̀, àwọn aláta ti ń di ẹrù, àwọn elépo ti gbé ìkòkò rù, wọ́n dorí kọ ìlú kejì. Àwẹ̀ró sáré jáde láì wé gèlè.

"Bí mo ṣe wí kọ́ nìyẹn!"

"Ẹ ti wí i tán, Ìyálọ́jà," obìnrin kan dá a lóhùn. "Ẹ kò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tún un hun." Ẹnìkan sì ti kígbe lẹ́yìn pé, "Atúọjàká!"

Ẹni a kò retí ló fi ẹṣin dábùú ọ̀nà wọn. Ká ní Balógun dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ìlú ì bá gbàgbé pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò dúró. Kò dákẹ́. Ó ní, "Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ sọ ẹrù yín kalẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ." Ó tún gbogbo rẹ̀ sọ, kò yọ, kò fi kún. Kò sí ẹni tó lè já a nírọ́.

Odùntán ló ké láti ẹ̀yìn pé, "Bí Balógun ṣe wí ni!" Ẹ̀rín pa gbogbo wọn, àwọn elépo sì sọ ẹrù kalẹ̀.

Wọ́n to igi sórí àbàtà, wọ́n gbẹ́ àpáta ní àtẹ̀gùn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìdí àfọ̀n ni ọjà wà, ìkòkò Àjíún sì dé ibẹ̀ tòun tọrùn, tikùn, tìdí.

Títí di òní, àwọn àgbà ń pa òwe yìí fún ẹni tó rò pé ibi tí òun gbà wo ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà wò ó, tàbí fún ẹni tí ọ̀nà kan dí mọ́, tó fẹ́ káwọ́ lérí. Ìdajì rẹ̀ nìkan ló wá kù lẹ́nu wa. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í gé e kù. Wọ́n á gbé ohùn sókè bíi pé orí ẹṣin ni wọ́n wà, wọ́n á sì tún un sọ bí Balógun ṣe tún un sọ: "Ìyálọ́jà ní, 'Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ẹ jẹ́ ká la ìyókù, ká tó ná an.'"