Ọṣẹ Tó Yòrò sínú Igbá Baálẹ̀

Ẹ wá gbọ́ o! Baálẹ̀ Ògúnmọ́dẹdé, tí ẹnikẹ́ni kì í já ní koro, wẹ̀ tán, ó sì gbàgbé ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn sínú igbá omi ìwẹ̀, ọṣẹ sì yòrò tán. Ló bá pe Ẹfúnyẹlá, obìnrin tó se ọṣẹ náà: "Yọ ọṣẹ mi jáde nínú omi yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kẹ́rù rẹ kúrò nílùú!"  Ẹfúnyẹlá kúnlẹ̀ níṣojú àwọn ìjòyè, ó fọwọ́ rú omi náà títí tó fi dúdú bí aró. "Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Ọṣẹ yín wà níbí, ìdọ̀tí ara yín náà wà níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣa ìdọ̀tí yín kúrò, kí n lè kó ọṣẹ." Háà, ẹ̀rín bú yẹ́ẹ̀! Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sáré da omi nù. Láti ọjọ́ náà, bó bá wẹ̀ tán, ọṣẹ ló kọ́kọ́ ń gbé síbi gbígbẹ, kó tó wá aṣọ wọ̀.