Sàréè Tó Bọ́ Sínú Okùn Olóyè

“Màmá, ta ló ni ilẹ̀ kéèyàn tó dáyé?” Ìbéèrè Fadérera nìyí lọ́dún tí ìyá rẹ̀, opó, fẹ́ mọ fẹ́ǹsì, tí Olóyè Lágbàyí na okùn ìwọnlẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọn: “Ìyàwó, ilẹ̀ bàbá mi nìyí. Bó bá jẹ́ tiyín, mú ìwé wá.” Ìwé ti jóná tipẹ́. Opó kúnlẹ̀. “Mo gbà, sà. Ṣùgbọ́n sàréè kan nìyí nínú okùn yín. Èèyàn kì í sin ìyá rẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀, á jẹ́ pé ìyá yín ni. Ẹ fi oríkì rẹ̀ kì í, káwọn bíríkìlà yín tó gbẹ́lẹ̀.” “Ìyá… ìyá wa,” ni Olóyè wí, kò mọ oríkì rẹ̀. Opó wá ń kì í, bí ìyá ọkọ rẹ̀, tó wà nínú sàréè náà, ṣe kọ́ ọ nídìí ọlọ láyé ọjọ́sí, títí Olóyè fi ká okùn rẹ̀. Opó ṣì ń kì í jẹ́jẹ́ nígbà tí oorun gbé gbogbo ilé lọ.