Ẹni Tó Ṣáájú Alága Lórí Ìlà

Alága Fátókun kì í gbọ́ "rárá" lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílùú. Ó já wọ ọ́fíìsì kótópó tí Lọ́yà Mosúnmọ́lá, agbẹjọ́rò ilé ìwòsàn, ń kó fáìlì aláìsàn pamọ́ sí, ó ní kó sọ fóun àìsàn tó ń ṣe Lájùwọ̀n tí àwọn jọ ń du ipò alága, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kó ẹrù rẹ̀ jáde, torí òun lòun nilé. Ó ń rìn síwá-sẹ́yìn, ó ń pariwo: "Kíá! Mi ò pa mọ́tò o!" Lọ́yà ò jiyàn. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ, ó ṣí àpótí irin, ó wá gbé fóònù. "Ẹ má bínú sà, ẹnì kan ṣáájú yín lórí ìlà. Lájùwọ̀n wá láàárọ̀, ó ń béèrè àìsàn tiyín. Mo ní ọjọ́ tí mo bá ṣí fáìlì fún ẹnikẹ́ni, òun ni n óò kọ́kọ́ pè." Alága dúró gbagidi. "Ìyá mi, dúró ná!" Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti àpótí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ pa. Lọ́yà ní: "Ṣé kí n wá máa kó ẹrù mi báyìí, sà?" "Kó o kó o lọ síbo? Jókòó ti àpótí yẹn!"