Irin Tó Ń Wo Òsì

Ọkùnrin kan wà tó mọ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n gbá, èyí tí a ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, débi pé àwọn ará ìlú rẹ̀ gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n ń pè é ní Ajùmátàsé. Ní pápá ìlú rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí kì í kó ọgbọ̀n àmì. Bọ́ọ̀lù kò tíì ní balẹ̀ tí àwọn òǹwòran á ti máa pàtẹ́wọ́.

Ọkùnrin mìíràn wà ní ìlú òkè odò, ògbóǹtagí lòun náà. Méjìdínlógún ni tirẹ̀. Nílé, méjìdínlógún, ní ìdálẹ̀, méjìdínlógún. Àwọn ará ìlú Ajùmátàsé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ṣé èyí náà la fẹ́ fi wé tiwa?"

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí ẹnu dídùn kì í ṣiṣẹ́, ọjọ́ ẹni-bá-pàdánù-á-relé. Pápá àwọn ará òkè odò ni wọ́n ti ń gbá a, torí tiwọn ló ní ìjókòó. Ọdún mẹ́ta léraléra ni ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé níbẹ̀. Ọkùnrin òkè odò kó méjìdínlógún rẹ̀ ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ajùmátàsé kó méje, ó kó márùn-ún, ó kó mẹ́rin. Mẹ́rin o, ẹni tó ń kó ọgbọ̀n. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá kàn ọ́.

Àwọn ará ìlú rẹ̀ ń tù ú nínú. Wọ́n ní ayé ló ń bá a jà, wọ́n ní nǹkan wà nínú bọ́ọ̀lù yẹn. Olùkọ́ ẹgbẹ́ nìkan ni kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọdún kan péré ló kù tí mo lè fún ọ. Bí o bá tún ṣe báyìí lọ́jọ́ náà, màá fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara.

Bí Ajùmátàsé ti ń kó bàtà rẹ̀ sápò, ọkùnrin òkè odò wá bá a. Kò wá fọ́nnu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ṣé irin tí ẹ so àwọ̀n mọ́ nílé yín ń wo òsì ni? Gbogbo bọ́ọ̀lù yín ló ń gba òsì lọ."

Inú bí Ajùmátàsé, díẹ̀ ló kù kí ó bú u. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó yá okùn tí bíríkìlà fi ń wò ó bóyá ògiri tọ́, ó gun àkàbà, ó fi wo irin náà. Irin méjèèjì ló wo òsì, bí ẹni tó ń yọjú wo ilé aládùúgbò.

Wẹ́dà àgbà ìlú náà, tó ń fi iná jó irin pọ̀, ló jó wọn, ọdún kẹsàn-án rèé. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé wọ́n wọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ojú àgbà ni wọ́n ń wò tí wọn kò fi sọ ọ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé àlejò tó bá wá ń tàsé, ni wọ́n bá kúkú sọ ọ́ di oríire. Ajùmátàsé nìkan ni kò mọ̀, torí ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bá irin náà wọ́.

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún wẹ́dà. Ó ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí, irin yẹn wọ́."

Àgbàlagbà náà dìde lórí àga. Ó ní, "Ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ ń jẹun nílé mi, ẹ ń kí mi kú iṣẹ́, kò sẹ́nì kan tó lẹ́nu nínú yín?" Ọ̀sán ọjọ́ náà ló kó irinṣẹ́ dé pápá, ó gé wọn sílẹ̀, ó tún wọn jó bó ṣe yẹ.

Ìlú bínú gidigidi. Nínú ìdíje tí wọ́n kọ́kọ́ gbá nílé lẹ́yìn èyí, Ajùmátàsé kó mẹ́fà, àlejò sì nà wọ́n. Wọ́n ní ó ti ba ogún ìlú jẹ́. Àwọn tó ń ta ẹ̀pà lẹ́bàá pápá pàápàá ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó dùn ún, mi ò ní purọ́ fún ọ. Síbẹ̀, àràárọ̀ ló ń lọ ju bọ́ọ̀lù sí irin tó tọ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi gbàgbé òsì.

Ọjọ́ ẹni-bá-pàdánù-á-relé dé. Ọkùnrin òkè odò kó méjìdínlógún rẹ̀, kò lé, kò dín. Ajùmátàsé ti kó mẹ́rìnlélógún. Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, àwọn ará òkè odò fi àmì kan ṣíwájú, bọ́ọ̀lù sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ó jù ú. Kò kan irin, kò kan pátákó, àwọ̀n nìkan ló mì.

Ìlú tó ń bú u ló gbé e sọ́rùn. Wẹ́dà àgbà, tó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé, na ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ní, "Irin tí mo tún jó ló kọ́ ọ o, ẹ má gbàgbé." Ọkùnrin òkè odò bọ Ajùmátàsé lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò gba òsì mọ́." Ajùmátàsé ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ọgbọ̀n tó ti ń kó nílé láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó dùn tó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ọjọ́ náà.

Olórí akọrin, ìwọ ni mò ń bá wí. O ní kí èmi pásítọ̀ yín yọ ìyá tó ń jókòó sí ìlà ẹ̀yìn kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, torí ó ní ohùn rẹ máa ń já bọ́ bí orin bá ti gòkè. O ní ìyàwó rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ rí, o ní gbogbo ìjọ ló ń ṣe àmín. Àwa ìjọ yìí gan-an ni irin tó ń wo òsì. A fẹ́ràn rẹ, a sì ti tẹ̀ sí ibi tí o máa ń jù sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù tí ẹ ó lọ díje orin níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí, ẹgbẹ́ tó bá sì fìdí rẹmi níbẹ̀, ilé ló ń lọ. Lọ kanlẹ̀kùn ìyá náà lónìí. Sọ fún un pé láti ọ̀la lọ, ìlà iwájú ni kí ó máa jókòó.