Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀kẹ́tẹ́ Lọ́jọ́ Kérésìmesì

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, ẹ ṣáà ti jẹun. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, kò yà níbì kankan, àfi ẹnu ọ̀nà Ọ̀kẹ́tẹ́. Ó bá a láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì, ó káwọ́ lérí, kò sì sí nǹkan kan tí wọ́n fẹ́ sè.

Àwọn àna rẹ̀ ló ń bọ̀. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ọ̀yà ni. Ọ̀yà ti ránṣẹ́ pé bí àwọn bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti ìyá Àwẹ̀ró ń bọ̀ wá wo irú oúnjẹ tí ọmọ àwọn ń jẹ nílé ọkọ. Ó ní bí òun bá bá ìkòkò lófìfo, òun ń mú ọmọ òun lọ nìyẹn. Ọ̀yà kì í sì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ó ní ṣé Ọ̀kẹ́tẹ́ kò ra nǹkan ọdún ni? Ó rà á. Ó ra ìrẹsì, ó ra ẹ̀wà, ó ra ẹja gbígbẹ. Ó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, ó ní kí òun lè máa ṣọ́ ọ. Ó tọ́ ẹja wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ó tún tọ́ ọ wò. Kòkòrò kò wọ ẹja, Ọ̀kẹ́tẹ́ ló wọ̀ ọ́. Bó ṣe ṣe ẹja náà ló ṣe ìyókù. Kí ọdún tó dé, orí ẹja kan ló ṣẹ́ kù, òun náà sì ti ní àmì eyín lára.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ la ọdún já láìsí ìjà, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má kó nǹkan ọdún sábẹ́ ibùsùn. Ẹ gbé e fún ìyá àgbà tí kò léyín mọ́, kó bá yín tọ́jú rẹ̀. Èmi ti ṣe é rí, ó sì dára, àfi ṣúgà nìkan ni n kò rí gbà padà.

"Olówó orí mi," ni Àwẹ̀ró wí, "omi ti hó. Kí ni kí n dà sí i?"

"Jẹ́ kó máa hó," ni Ọ̀kẹ́tẹ́ fèsì. "Ilé tí omi bá ti ń hó, ará ìta á rò pé oúnjẹ wà níbẹ̀."

"Ṣé omi híhó ni bàbá mi máa jẹ?"

Ọ̀kẹ́tẹ́ dìde. Ó wọ dàńṣíkí ọdún rẹ̀, ó sọdá odò, ó kọrí sí ìgboro.

Ní ìlú àwọn ẹranko nígbà náà, bí wọ́n bá se oúnjẹ Kérésìmesì tán, ilé kan á bu ránṣẹ́ sí ilé kejì. Wọ́n á bù ú sínú abọ́, wọ́n á fi aṣọ dì í. Ẹni tí wọ́n gbé e wá fún kò gbọdọ̀ ṣí i lójú ẹni tó gbé e wá. Bó bá ṣí i, wọ́n á ní ọ̀kánjúwà ni. Á kọ́kọ́ dúpẹ́, á jẹ́ kí ẹni náà lọ, kó tó sáré gbé abọ́ wọ yàrá. Àwọn ọmọdé ló máa ń gbé abọ́ kiri. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, gbogbo wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń ṣe eré ìbí Jésù. Ọmọ Ewúrẹ́ ni wọ́n fi ṣe áńgẹ́lì.

Ọ̀kẹ́tẹ́ bá Ìgbín lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbín ti se ẹ̀wà, ó ti dì í, ó ti gbé e rù, kò sì tíì kúrò ní ìloro. Ẹ ṣáà mọ Ìgbín. Oúnjẹ Kérésìmesì tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé lọ, ọjọ́ Àjíǹde ló ń débẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, Bàbá Ìgbín. Ta lẹ ń gbé e lọ fún?"

"Pẹ́pẹ́yẹ ni, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lọ́nà."

"Ẹ jókòó yín. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e."

"Ìwọ Ọ̀kẹ́tẹ́? Látìgbà wo lo ti ń ran ènìyàn lọ́wọ́?"

"Ọdún ni, Bàbá. Ọdún ń yí ìwà padà."

Ìgbín wò ó, ó wo ọ̀nà. Ọ̀nà jìn. Ó gbé abọ́ fún un.

Bí Ọ̀kẹ́tẹ́ ti dé ẹ̀yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó tú aṣọ, ó ki ọwọ́ bọ abọ́, ó bu ẹ̀wà kún ẹnu. Ẹ gbà mí gbọ́ o, kò gbé e mì. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu nínú àlọ́ yìí. Ó fi ahọ́n tì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó ní ti àna òun nìyẹn. Bó bá di ẹrù sọ́wọ́, wọn á bi í pé kí ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ wò. Ó di abọ́ padà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Pẹ́pẹ́yẹ, ó sì dá orin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ ṣílẹ̀kùn, ọdún dé.
*Gbé e wọlé.*
Mo ru abọ́, n ò ṣí i wò.
*Gbé e wọlé.*
Ọwọ́ mi mọ́, ẹnu mi mọ́.
*Gbé e wọlé.*

Pẹ́pẹ́yẹ jáde. Òun nìkan ló kù nílé nínú àwọn abìyẹ́ àdúgbò náà. Àkùkọ ti rin ìrìn àjò látìgbà tí oṣù ọdún ti wọlé, kò sọ ibi tó ń lọ, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí.

"O ṣé o, ọmọ dáadáa," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí. "Ṣé eyín ń dùn ọ́ ni? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wú."

"Inú dídùn ni, Màmá. Bí inú mi bá ti dùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń yọ sí."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó máa dùn lọ. Gba mọ́ínmọ́ín yìí, bá mi gbé e fún Àgùntàn. Mo fi edé sí i dáadáa."

Edé tó dárúkọ yìí ló ba nǹkan jẹ́. Ọ̀kẹ́tẹ́ tún yà sẹ́yìn ọ̀gẹ̀dẹ̀, mọ́ínmọ́ín wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó dé ilé Àgùntàn, ó kọrin, ohùn rẹ̀ ń jáde bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àmù. Àgùntàn gba mọ́ínmọ́ín, ó gbé abọ́ ìrẹsì lé e lọ́wọ́, ó ní kó gbé e fún Ìgbín.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ti kún. Ẹni tó bá gbọ́n á gba ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́: Kérésìmesì tí kò ní ìrẹsì, ṣé Kérésìmesì ni? Ó ki ìrẹsì sọ́tùn-ún, ó kì í sósì, ó fi àtàǹpàkò tì í. Awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fà títí ó fi kan èjìká. Ó dé ọ̀dọ̀ Ìgbín, ó ní òun á kọrin:

Mm mm-mm, mm mm.
*Gbé e wọlé.*
Mm mm mm, mm mm-mm.
*Gbé e wọlé.*

"Orin ibo nìyẹn?" ni Ìgbín bi í.

"Mm."

"Ìwọ náà kú ọdún."

Ọ̀kẹ́tẹ́ sọdá odò, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ń rò ó lọ́kàn pé bí òun bá ti da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, tí òun rò ó pọ̀, Ọ̀yà kò ní mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ọ̀kan fún yín. Bí àna bá ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ ti wẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Ewúrẹ́ tó ṣe áńgẹ́lì ti jẹ gbogbo koríko ibùjẹ ẹran, ó ti fẹ́ jẹ èyí tó wà lábẹ́ ọmọ jòjòló, ni àlùfáà bá tètè tú ìjọ ká. Nígbà tí Ọ̀kẹ́tẹ́ yọ láti ẹ̀yìnkùlé, Ọ̀yà àti ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí àpótí níwájú ilé.

Ẹsẹ̀ Ọ̀kẹ́tẹ́ dúró. Ọkọ ọmọ tó bá rí àna rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, kí àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, kó sì kí wọn. Bó bá dọ̀bálẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ó bú wọn. Bó bá sọ̀rọ̀ tí kò dọ̀bálẹ̀, kó kúkú má wá.

"Àna wa, ìwọ rèé," ni Ọ̀yà wí.

"Mm."

"Mo ní ìwọ rèé."

"Mm-mm."

Ìyá Àwẹ̀ró kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ṣé àwa ló ń kùn sí báyìí?"

"Olówó orí mi, ẹ kí wọn," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà kí wọn."

Ọ̀kẹ́tẹ́ rò pé bí òun bá rọra sùn sílẹ̀, kò séwu. Ó kúnlẹ̀. Ó na ara. Kí àyà rẹ̀ tó kan ilẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti kàn án. Ìrẹsì ló kọ́kọ́ tú jáde, mọ́ínmọ́ín tẹ̀ lé e, ẹ̀wà gbẹ̀yìn. Ó tò lọ títí dé orí bàtà tuntun Ọ̀yà.

"Ẹ kú ọdún o, Bàbá," ni Ọ̀kẹ́tẹ́ wí. Ẹnu rẹ̀ ti ṣófo, ohùn rẹ̀ já geere.

Ọ̀yà wo bàtà rẹ̀. "Ṣé oúnjẹ tí o fẹ́ fún wa nìyí?"

"Òun ni, Bàbá. N kò gbé ẹyọ kan mì."

Ìyá Àwẹ̀ró ní, "Àwẹ̀ró, ṣé bó ti ń bọ́ ọ nìyí?"

Àwẹ̀ró dìde. Ó gbé omi híhó kúrò lórí ààrò, ó dà á pa iná, ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Pẹ́pẹ́yẹ àti Àgùntàn bá wọn, kálukú gbé abọ́ dání. Àpá ọwọ́ wà nínú oúnjẹ wọn, wọ́n fẹ́ mọ ọwọ́ tó ni ín. Pẹ́pẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Edé mi rèé," ló wí. Ìgbín náà ń bọ̀, àmọ́ ó ṣì wà lọ́nà. Ọ̀kẹ́tẹ́ kò dúró dè é. Ó sá wọ ihò tó wà lẹ́yìn ilé, kò sì gba ibẹ̀ jáde títí gbogbo wọn fi lọ.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó fà yẹn kò sún kì mọ́. Ó di àpò sí i lẹ́nu. Ohunkóhun tó bá rí he, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ ń kì í sí, ìgbà tí àwọn aládùúgbò bá sì ti sùn ló ń jáde, kí ẹnì kankan má baà béèrè abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlọ́ mi já sẹ́nu ihò, n kò lè bá a wọlé. Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ìrẹsì ọdún mi jóná mọ́dìí ìkòkò. Àwẹ̀ró wà nílé bàbá rẹ̀, ó ń jẹun, ara rẹ̀ sì le. Ọ̀kẹ́tẹ́ wà nínú ihò, òun nìkan.