Òkété Tó Mọ Ògiri Yí Àká Ìlú Ká

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi rìn gbẹ̀rẹ̀, ó rìn gbẹ̀rẹ̀, ó lọ dúró sẹ́nu àká ìlú àwọn ẹranko.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ẹranko ń dáko, Àparò ń bọ̀ lójú ọ̀nà pẹ̀lú igbá àgbàdo pupa lórí. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú. Gbogbo ẹranko ń gbé irúgbìn wọn lọ pamọ́ di àkókò òjò. Nígbà tí Àparò dé ibi tí àká mẹ́ta máa ń wà, kò rí àká kankan. Ògiri ló rí. Amọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ tán, ojú ìka ẹni tó mọ ọ́n ṣì wà lára rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, Òkété sì jókòó síwájú rẹ̀.

"Bàbá Òkété, ẹ kú ìjókòó o. Ìyá Asín dà?"

"Ìyá Asín nìyẹn lábẹ́ igi, ó ń sinmi. Gbé igbá wá."

Lóòótọ́, Asín jókòó lábẹ́ igi, ó dorí imú gígùn rẹ̀ kodò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Asín ni ìlú fi ṣọ́ àká. Bí o bá gbé irúgbìn wá, yóò pín in sí àká méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pé bí ọ̀kan bá bàjẹ́, wàá rí èkejì gbìn. Láràárọ̀, yóò ti imú bọ àká kọ̀ọ̀kan. Èyí tí òórùn rẹ̀ bá yí padà, kíá ni yóò kó ohun inú rẹ̀ jáde sá sóòrùn. Òjò kò dé bá ẹnikẹ́ni láìní irúgbìn rí. Àmọ́ Asín kò yára. Hóró kọ̀ọ̀kan ló ń gbóòórùn. Àwọn ẹranko á tò sínú oòrùn, wọ́n á máa kùn.

Kíkùn yẹn ni Òkété gbé lọ bá Erin, ọba wọn.

"Kábíyèsí, ẹ̀gàn ni kí odidi ìlú máa tò sẹ́yìn imú ìyá arúgbó. Ẹ jẹ́ kí n mọ ògiri yí àwọn àká náà ká. Ilẹ̀kùn kan, ọwọ́ kan. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, irúgbìn ti wọlé."

Asín ní, "Kábíyèsí, bí ògiri bá wà láàárín èmi àti àká, kí ni mo wá ń ṣọ́?"

Erin kò fẹ́ràn àríyànjiyàn. Ó ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ ṣe é. Òkété á wà nínú, Asín á wà níta. Asín, ohun tí o bá fẹ́ mọ̀, bi Òkété."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ olùṣọ́ di oníbèéèrè.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àparò. Òkété gba igbá, ó wọlé. Kò pẹ́ tó fi jáde. Igbá ti ṣófo, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú rọ̀gbọ̀dọ̀.

"Ṣé ó ti wọ àká?"

"Ó ti wọ̀ ọ́." Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná sẹ́nu.

"Kí ló ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín?"

"Eyín ń dùn mí."

"Pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Àgbàdo tí màmá mi fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Òun ló ń gbó kí ti gbogbo ayé tó gbó, òun lọmọ mi ń jẹ nígbà tí oko ẹlòmíràn ṣì jẹ́ ewé. Kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ nílùú yìí."

"Lọ fọkàn balẹ̀."

Òkété ti gbẹ́ ihò sábẹ́ àwọn àká. Nínú irúgbìn gbogbo ẹni tó bá wá, yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó ìpín tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Èyí tó kù, ó dà á síbi tó bá wù ú, ti lágbájá lórí ti làkáṣègbè. Ní ti àgbàdo pupa Àparò, gbogbo rẹ̀ ló kó sínú ihò. Òun nìkan ló mọ ibi tí ohun kan wà.

Láràárọ̀ Asín á kan ilẹ̀kùn. "Òkété, àká kìíní ńkọ́?"

"Kò sí kìíní, kò sí kejì mọ́, ìyá. Àká kan ni gbogbo wọn."

"Báwo ló ṣe rí?"

Òkété á wá dárin. Ẹ bá mi gbè é:

*Ó wà bó ṣe wà,*
*Má ṣí i wò!*
*Ó gbẹ bó ṣe gbẹ,*
*Má ṣí i wò!*
*Imú tó ń wá ẹ̀sùn,*
*Má ṣí i wò!*
*Kó lọ gbóòórùn ọbẹ̀,*
*Má ṣí i wò!*

Nígbà tó yá, Asín gbóòórùn ohun tó ń bu, láti ẹ̀yìn ògiri. Ó lọ sọ fún Erin. Erin pe Òkété.

"Òórùn amọ̀ tútù ló ń gbọ́, Kábíyèsí. Imú náà ti dàgbà."

Gbogbo ààfin rẹ́rìn-ín. Asín fọwọ́ kan imú rẹ̀. Ó padà sábẹ́ igi. Láti ọjọ́ náà, kò kan ilẹ̀kùn mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ dé, òjò ńlá. Omi gba ẹnu ihò Òkété wọ abẹ́ àká, ògiri kò sì jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde. Òkété sáré wọ ihò lọ kó ìṣúra rẹ̀. Ó kó o sẹ́nu, ó kún. Nígbà tó fẹ́ jáde, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ há sẹ́nu ihò.

Asín ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀kùn wọlé dé ibẹ̀. "Òkété, tu ú dànù!"

Òkété mi orí.

"Irúgbìn ni, ẹ̀mí kọ́! Tu ú dànù!"

Ó tún mi orí. Omi bò ó.

Erin fi orí ti ògiri náà wó kí omi lè jáde. Asín ti imú bọ àká fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí àkọ́kọ́ ti bu tipẹ́, ó funfun bí òwú. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ọkà bàbà, ẹ̀wà àti àgbàdo ti dàpọ̀ mọ́ ẹrẹ̀. Ẹ̀kẹta ṣófo. Àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa èyí tí wọ́n lè ṣà. Àparò ń fi ẹnu tú u, hóró kan, hóró kan. Kò rí pupa.

Nígbà tí wọ́n fa òkú Òkété jáde, wọ́n la ẹnu rẹ̀. Àgbàdo pupa ló wà níbẹ̀. Eyín ti fọ́ ojú gbogbo wọn. Kò sí èyí tó lè hù.

Asín ní, "Àparò, ọmọ mi, mo gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì gba ẹ̀rín wọn gbọ́ ju imú mi lọ."

Erin ní, "Èmi ni mo ní kí wọ́n mọ ògiri." Ohùn rẹ̀ kéré.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí: ẹni tí ẹ bá fi ṣọ́ nǹkan, ẹ má fi ògiri sáàárín òun àti nǹkan náà. Ẹni tó bá sì ń sọ pé ó wà dáadáa, ẹ ní kó ṣílẹ̀kùn.

Àparò ńkọ́? Wọ́n bu àgbàdo funfun fún un nínú èyí tí wọ́n ṣà. Ó wò ó. Ó wo Asín. Ó gbé e rù, ó sì gba ọ̀nà oko lọ.